Ògún Ló Ni Irin, Mọ̀rìwò Ló Fi Bora

Kò sí ọmọ ìlú ńlá lóde òní tí kò tíì rí ọkùnrin onírin inú sinimá. Bí kò bá wò ó ní ilé sinimá, á ti wò ó nínú fídíò, tàbí kí ó rí àwòrán rẹ̀ lára báàgì ọmọ iléèwé. Iron Man ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé e jáde nínú ìwé àwòrán ní ọdún 1963, sinimá ńlá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ṣe sì dé ní 2008. Ẹlẹ́ran ara bí èmi àti ẹ̀yin ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kó sínú ẹ̀wù irin rẹ̀ báyìí, á máa fò bí àwòdì, á máa gbé mọ́tò sókè bí ẹni gbé agbọ̀n, ọta ìbọn á sì máa ta dànù lára rẹ̀ bí òjò tí ń pa páànù. Àwọn ọmọ wa á wò ó tán, wọ́n á wá bèèrè pé, "Bàbá, ṣé irú ẹ̀wù yìí wà lóòótọ́?"

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn ìjọba ńlá àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń ná owó lé ìbéèrè yìí lórí. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kan èmi àti ẹ̀yin, nítorí pé ara ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ara yìí tí gbogbo wa ń gbé kiri. Ẹ jẹ́ kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Amẹ́ríkà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìrè-Èkìtì ni, torí bí a bá ń sọ̀rọ̀ irin nílẹ̀ Yorùbá tí a kò kọ́kọ́ kí Onírè, ọ̀rọ̀ náà kò lórí.

ÒGÚN NÍ ÌRÈ

Ìrè wà ní ìhà àríwá Èkìtì, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́. Ìlú kékeré ni lójú ẹni tí ń fi mọ́tò kọjá, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti rìn jìnnà ju ti ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lọ. Ní Bràsíl, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, wọ́n ṣì ń bọ Ògún títí di òní, wọ́n sì ń pè é ní Onírè.

Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Ògún ti ojú ogun dé Ìrè lọ́jọ́ kan. Ó ti rẹ̀ ẹ́, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ará ìlú níbi àpéjọ kan tí èèwọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn. Ó kí wọn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó nawọ́ sí akèǹgbè ẹmu, òfìfo ló bá. Ó ṣe bí ẹni pé wọ́n fi òun wọ́lẹ̀ ni. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa idà yọ, ó sì ti ṣá àwọn ènìyàn ara rẹ̀ balẹ̀ lọ súà. Ìgbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n ṣàlàyé fún un, àánú ṣe é, ojú sì tì í. Ó ri idà rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà sì wọlẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ fara balẹ̀ wo ìtàn yìí dáadáa. Idà Ògún kò kùnà lọ́jọ́ náà, ó mú bí ó ti máa ń mú. Ara ẹni tó di idà mú ni wàhálà ti wá: ó ti rẹ̀ ẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, inú sì bí i. Bí irin bá lágbára tó bí ó ti wù kó tó, ẹni tó ń lò ó ṣì ní ikùn, ó ṣì ní ọ̀fun, ó ṣì ní ọkàn.

Ohun kejì wà tí ọ̀pọ̀ wa ń rí tí a kì í rò. Gbogbo ẹni tó bá ti dé ojúbọ Ògún rí mọ̀rìwò tí wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà. Mọ̀rìwò yìí ni aṣọ Ògún. Ẹni tó ni idà, tó ni àdá, tó ni ọ̀kọ̀, kò fi irin dáṣọ. Màrìwò ọ̀pẹ tútù, tí í tẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ló fi bora. N kò sọ pé àwọn baba wa ti rí ẹ̀rọ oníbátìrì kí òyìnbó tó rí i o. Irọ́ nìyẹn máa jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ti bá irin gbé pẹ́ mọ ìwà irin. Ẹ wo alágbẹ̀dẹ nídìí ewìrì: ẹmú ló fi ń di irin gbígbóná mú, kì í gbé e lé itan.

ÀWỌN TÓ WỌ IRIN LỌ SÓGUN

Àwọn kan wọ irin lóòótọ́ nílẹ̀ Áfíríkà níbí. Nígbà tí Major Dixon Denham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé Bọ̀nú ní 1823, ó rí àwọn ẹlẹ́ṣin Shehu El-Kanemi tí wọ́n wọ ẹ̀wù tí a fi òrùka irin wẹ́wẹ́ hun bí àwọ̀n. Nílẹ̀ Haúsá, aṣọ tí wọ́n ki nǹkan sí nínú bíi tìmùtìmù ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin ń wọ̀, wọ́n a sì wọ irú rẹ̀ fún ẹṣin wọn pẹ̀lú. Àwọn ẹ̀wù wọ̀nyí ń gba ọfà dúró. Ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, wọ́n ń mú ooru, bí ẹni tó wọ̀ wọ́n bá sì já bọ́ lórí ẹṣin, dídìde a máa ṣòro fún un.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òkè àti igbó kò gba ẹlẹ́ṣin láyè bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840 tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin pàdé àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ní Òṣogbo, Ìbàdàn ló borí. Ẹ̀wù aṣọ tàbí awọ tí wọ́n gán oògùn mọ́ ni jagunjagun Yorùbá ń wọ̀: ayẹta, òkígbẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bóyá ó ń yẹta ni o, bóyá kò yẹ ẹ́ ni o, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tó dájú ni pé ẹni tó wọ̀ ọ́ lè sáré, ó lè gun àpáta, ó sì lè sùn nínú rẹ̀.

Nígbà tó wá di ogun Kírìjì, tí Èkìtì Parapọ̀ dìde sí Ìbàdàn, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà ṣe balógun wọn, ohun tó yí ọwọ́ ogun padà kì í ṣe ẹ̀wù. Ìbọn tuntun ni, èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ìdí, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó bá wọn wá. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, gbogbo ayé ti mọ̀ pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ti sọ ẹ̀wù irin di ohun àtijọ́. Irin tí yóò dá ọta rẹ̀ dúró yóò nípọn, yóò sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò ní lè gbé e rìn.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mìíràn ti sọ sí òyìnbó lọ́kàn. Bí ènìyàn kò bá lè gbé irin náà, kí ni kò jẹ́ kí irin gbé ara rẹ̀?

IRIN TÓ Ń GBÉ ARA RẸ̀

Ní 1890, ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Nicholas Yagn gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ohun tí yóò ran ènìyàn lọ́wọ́ láti rìn, láti sáré àti láti fò sókè. Irin tí í tẹ̀ bí ọrun ló fẹ́ so mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó máa tẹ̀ bí ènìyàn bá tẹ ilẹ̀, kí ó sì máa ta á sókè. Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀, kò sí iná.

Àwọn tó gbé ẹ̀rọ sí i ni ilé-iṣẹ́ General Electric ní ìlú Schenectady, ìpínlẹ̀ New York. Ní 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀wù kan fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hardiman. Ìlérí tí wọ́n ṣe kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò lè gbé ẹrù 680 kílò, kò sì ní wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju bíi kílò 27 lọ. Ẹ̀yin tó mọ ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ó ju àpò 13 lọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo!

Báwo ló ṣe parí? Ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 680 kílò. Wọ́n ṣe apá kan, apá náà ṣiṣẹ́, ó gbé 340 kílò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbìyànjú láti tan gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣe ló ń gbọ̀n tó ń jà bí ẹni tí wárápá mú. Ta ni yóò kó sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Wọn kò tan gbogbo rẹ̀ rí pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1971 wọ́n pa iṣẹ́ náà tì.

Àwọn mìíràn tún dán an wò lẹ́yìn wọn. Ní 2013, àwọn ọmọ ogun àkànṣe Amẹ́ríkà kéde pé àwọn yóò ṣe ẹ̀wù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TALOS, tí yóò dá ọta dúró, tí yóò sì fún ọmọ ogun ní agbára kún agbára. Kíá ni àwọn oníwèé ìròyìn ti ń pè é ní ẹ̀wù Iron Man. Ní 2019, wọ́n parí iṣẹ́ náà láìsí ẹ̀wù kan tí ọmọ ogun lè wọ̀ lọ sójú ìjà. Díẹ̀ lára ohun tí wọ́n rí kọ́ ni wọ́n pín sí àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ máa rántí pé kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní owó, kì í ṣe pé wọn kò ní ọgbọ́n. Ara ènìyàn ni kò gbà fún wọn.

ẸYIN INÚ AGOLO

Ẹ mú ẹyin tútù kan, ẹ gbé e sínú agolo mílíìkì, ẹ dé e pa, kí ẹ wá jù ú sílẹ̀ láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé agolo lè má ṣe nǹkan kan. Ẹyin ńkọ́? Ó ti di omi.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọpọlọ ṣe wà nínú agbárí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ṣe wà nínú àyà àti ikùn. Ká sọ pé ẹnì kan wọ ẹ̀wù irin, ó sì fò bọ́ láti orí ọ̀pẹ tó ga ní mítà 20. Nígbà tí yóò fi dé ilẹ̀, eré rẹ̀ yóò ti tó kìlómítà 71 ní wákàtí kan, bíi mọ́tò tó ń sá lójú títì. Bí ẹ̀wù náà bá wá dá a dúró láàárín ìwọ̀n ọwọ́ kan péré, mítà kan pín sí ọ̀nà 10, agbára tí yóò tẹ ara rẹ̀ yóò tó ìlọ́po 200 ìwọ̀n ara rẹ̀. Irin kò ní tẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni yóò dà bí ẹyin náà.

Ẹnì kan wà tó fi ara rẹ̀ dán irú nǹkan yìí wò. Dókítà ológun ni, John Paul Stapp, ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1954, wọ́n dì í mọ́ orí ọkọ̀ ojú irin kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì. Ó sáré dé 1,017 kìlómítà ní wákàtí, ọkọ̀ náà sì dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀. Agbára tó tẹ̀ ẹ́ lé ní ìlọ́po 46 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún ojú rẹ̀ méjèèjì, kò ríran fún ìgbà díẹ̀, kí ojú náà tó là padà. Ìlọ́po 46 nìyẹn o, pẹ̀lú bẹ́líìtì tí wọ́n fi dì í dáadáa. Mélòó mélòó ìlọ́po 200!

Èkejì ni ooru. Bí a ti jókòó jẹ́ẹ́ yìí, ooru tó ń jáde lára àgbàlagbà kan kò jìnnà sí ti gílóòbù iná 100 wáàtì ayé àtijọ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ooru náà á di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po márùn-ún, torí nínú ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a bá pín agbára oúnjẹ sí, ẹyọ kan ló ń di iṣẹ́, ìyókù ń di ooru. Òógùn ni Elédùmarè fi ń bá wa tu ara, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbẹ òógùn náà. Ẹ wá fi irin dé ènìyàn pa nínú oòrùn ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìkọ̀lé. Kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ yóò fi gbóná kọjá ibi tó yẹ, orí rẹ̀ yóò sì máa yí.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ ẹ̀rọ, ìyẹn bátìrì. Kílò kan epo pupa àti kílò kan bátìrì irú èyí tó wà nínú fóònù wa: èwo ni ẹ rò pé agbára inú rẹ̀ pọ̀ jù? Epo pupa ni, ó sì fi nǹkan bí ìlọ́po 40 jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tí a ń gbé kiri nínú ikùn wa. Lóòótọ́, ara wa kì í lo gbogbo rẹ̀ tán fún iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú rẹ̀ náà, àgbẹ̀ tó jẹ iyán láàárọ̀ yóò roko títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀wù oníbátìrì á ti kú lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì wá di ẹni tó ń gbé òkú irin.

Ẹ̀kẹrin ni oríkèé. Orúnkún wa kì í ṣe ìdè ilẹ̀kùn o. Bí ó ti ń ká ni ojúkò rẹ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀. Èjìká tilẹ̀ burú jù: ó ń lọ síwájú, ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń yí po, ó ń gòkè. Irin tí a bá so mọ́ wọn, tí kò bá bá wọn sún bí wọ́n ṣe ń sún, yóò máa ha awọ ara. Ẹni tí ara rẹ̀ pé á ké pé ó ń dun òun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀, àfi ìgbà tó bá di alẹ́ tí wọ́n bá rí egbò.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ̀wù irin lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì 13, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹni inú rẹ̀ di irin.

Ẹ̀WÙ FÚN ẸNI TÍ KÒ LÈ RÌN

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá dùn dé nìyí. Bí àwọn ológun ṣe ń tiraka láti sọ alágbára di òmìrán, àwọn kan wà níbòmíràn tí wọ́n ń bèèrè ìbéèrè tó kéré sí èyí: ṣé ẹ̀wù irin lè mú ẹni tó jókòó dìde?

Ní ìlú Belgrade, nílẹ̀ Yugoslavia ìgbà náà, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Miomir Vukobratović àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ẹsẹ̀ fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ, láti nǹkan bí 1969. Afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ náà. Nígbà tó fi di 1972, wọ́n ti dán an wò lára àwọn aláìsàn ní ilé-ìwòsàn egungun. Kò gbé ẹrù kankan, kò sì fò. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì.

Ní Jàpáánù, Yoshiyuki Sankai ti Yunifásítì Tsukuba ṣe èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HAL. Bí a bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí ẹran ẹsẹ̀, iná tín-ín-tín kan á sì hàn lórí awọ ara. HAL ń ka iná yìí, á sì gbé ẹsẹ̀ bí ẹni náà ṣe fẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń ṣí ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ní São Paulo, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ti rọ láti àyà sísàlẹ̀, Juliano Pinto, fi ẹ̀rọ mìíràn tó ń gba àṣẹ láti orí rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbá a, bọ́ọ̀lù náà kò sì lọ jìnnà. Síbẹ̀, ènìyàn tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ni yóò mọ iye tí gbígbá yẹn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó wọ̀ mí lára jù ni ti Amit Goffer, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Ísírẹ́lì. Ní 1997, jàǹbá ọkọ̀ ṣe é, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ. Láti orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó ti ronú, tó sì dá ẹ̀rọ ReWalk sílẹ̀, irin tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti ìbàdí dé ilẹ̀, tí mọ́tò kéékèèké sì wà ní ìbàdí àti orúnkún. Ní 2012, obìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Claire Lomas, wọ̀ ọ́ rin eré Marathon ìlú London parí, ó sì gbà á ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ní oṣù kẹfà 2014, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí àwọn arọ máa lò ó nílé wọn. Ǹjẹ́ Goffer fúnra rẹ̀ lò ó? Rárá o. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ mú kó má bàa ṣubú, ọwọ́ Goffer kò sì gbé e. Ó ṣe ẹsẹ̀ fún ẹlòmíràn, òun náà jókòó.

Kí á má tan ara wa jẹ, ẹ̀rọ wọ̀nyí ní àbùkù. Wọ́n ń lọ́ra. Iye owó ReWalk lé ní 60,000 dọ́là. Eegun ẹsẹ̀ tí a kò tẹ̀ fún ọdún púpọ̀ a máa fúyẹ́ bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, ó sì lè ṣẹ́ bí ẹ̀rọ bá fipá gbé e. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ yẹ ara wò dáadáa kí wọ́n tó dè é mọ́ ẹnikẹ́ni.

WỌ́N PADÀ SÍDÌÍ MỌ̀RÌWÒ

Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan wọn èémí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn obìnrin náà lè ru ẹrù tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara wọn láìná agbára kankan lé èyí tí wọn ìbá fi rìn lásán. Bí wọ́n ṣe ń gbé ara sókè sódò nínú ìrìn ni ọgbọ́n náà wà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa tí ń ru iṣu bọ̀ láti oko sí ọjà Ìkọ̀lé kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yunifásítì ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀!

Láti inú irú òye yìí ni àwọn onímọ̀ ti wá yíwọ́ padà. Wọn kò bèèrè mọ́ pé báwo ni irin yóò ṣe borí ara. Wọ́n ń bèèrè pé kí ni ara ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, kí á lè fi díẹ̀ kún un. Ní 2015, Steven Collins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe ohun kan tí a ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Kò ní mọ́tò, kò ní bátìrì, nǹkan bí ìdajì kílò péré ni lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó dín agbára tí a fi ń rìn kù ní nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Sípíríǹgì tí Yagn rò ní 1890 náà ló tún padà wá, àmọ́ àwọn tó ṣe é lọ́tẹ̀ yìí ti kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára ọrùn ẹsẹ̀.

Ní Yunifásítì Harvard, Conor Walsh àti àwọn tirẹ̀ tilẹ̀ bọ́ irin kúrò pátápátá. Aṣọ ni wọ́n rán. Aṣọ náà gba ìbàdí àti ẹsẹ̀, okùn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀, mọ́tò tó ń fa okùn sì wà ní ìbàdí, níbi tí kò ti ni ẹsẹ̀ lára. Láti inú irú rẹ̀ ni ReStore ti jáde, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2019 fún ìwòsàn àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ẹ̀gbẹ́ kan wọn. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ wọ́lẹ̀, okùn á fà á sókè díẹ̀, ní àkókò tó yẹ gan-an.

Ẹ ò rí i? Lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́ta, wọ́n ti dé ìdí mọ̀rìwò: ohun tó tẹ̀, ohun tó fúyẹ́, ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n fi sára, wọ́n sì gbé irin àti agbára sí ibi tí kò ti ní pa ẹni tó ni ín lára.

ÌRÈ, ÌKỌ̀LÉ ÀTI ÌDÓ

Kí ló wá kan àwa níbí? Ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Mélòó nínú wa ni kò mọ ẹnì kan tó já bọ́ lórí ọ̀kadà tí kò dìde mọ́? Mélòó ni kò ní bàbá tàbí ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù? Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń lọ ní ìgboro lónìí ni àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, tí wọ́n sì dàgbà pẹ̀lú irin tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn náà tó ń jà káàkiri ayé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀; ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti rọ kí ó tó di ọjọ́ náà kò tìtorí ìkéde dìde. Irin ẹsẹ̀ wọ̀nyí ni ẹ̀wù irin tiwa gan-an. Kò sí sinimá tó ṣe é, àmọ́ ó gbé ọ̀pọ̀ ọmọ dé iléèwé. Ilé-ìwòsàn egungun Ìgbòbí l'Ékòó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1945 nígbà tí àwọn ọmọ ogun wa gbọgbẹ́ bọ̀ láti ogun Hitler, ti ń ṣe ẹsẹ̀ àti irin ẹsẹ̀ fún àwọn aláìsàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Nínú àwọn ọmọ Ògún, alágbẹ̀dẹ wà níbẹ̀, ọdẹ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, olóòlà náà sì wà níbẹ̀. Abẹ olóòlà àti idà jagunjagun, irin kan náà ni. Ọwọ́ tó dì í mú àti ohun tí ọwọ́ náà ń wá ló mú ìyàtọ̀ wá. Mo wo àríwá Èkìtì, mo rí i pé gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ni wọ́n jókòó sí tòsí ara wọn. Ìrè, ìlú onírin, wà níbẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011 wà níbẹ̀, Ìkọ̀lé sì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà rẹ̀. Ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ó ku kí alágbẹ̀dẹ, ẹnjiníà àti dókítà jókòó yí ẹnì kan tí kò lè rìn ká, kí wọ́n sì bi í pé, "Níbo ló ti ń ro ọ́?"

Wọn kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí mọ́tò àti kọ̀ǹpútà. Irin ẹsẹ̀ tó fúyẹ́, tí oríkèé rẹ̀ bá orúnkún sún, tí awọ rẹ̀ kò dá egbò, tí wẹ́dà àdúgbò lè tún ṣe bí ó bá kán, yóò ran ènìyàn púpọ̀ lọ́wọ́ ju ẹ̀wù 60,000 dọ́là tó ń dúró de bátìrì láti òkè òkun. Ilẹ̀ Èkìtì kún fún òkè, àtẹ̀gùn sì pọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì wa. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019 fún àwọn abirùn sọ pé kí ilé gbogbo tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ wọn lè gbà, ó sì fún àwọn onílé ní ọdún márùn-ún láti ṣe é. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024. Kọnkéré tó dagun díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bánkì kò nílò onímọ̀ kankan láti Harvard.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa wo sinimá wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń lá àlá irin, kí á lá àlá ẹni tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá tó tún padà ń dìde kí àwọn àlejò rẹ̀. Ìyẹn wà nínú ohun tí ọwọ́ wa lè tó.